Ilé Chukwuani àti Ilé Ìgbájọ: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Dennis Àkànmú Ajíbóyè (1948–2024)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 1948, nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní ìlú Enugu, ni a bí Alàgbà Dennis Àkànmú Ajíbóyè. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ni Olóògbé Gébríẹ́lì Ajíbóyè, akọ̀wé rélùwéè, ọmọ agboolé Ajíbóyè ní Ìgbájọ. Ìyá wọn ni Olóògbé Àṣàkẹ́, ọmọ Ìkìrun, tó ń ta aṣọ fún àwọn ìyàwó awakùsà èédú. Ọmọkùnrin méjì ni Ọlọ́run fi ta tọkọtaya náà lọ́rẹ. Àkọ́bí ni Bàbá Alárápé Ajíbóyè, olórí ẹbí wa, tí wọ́n jókòó láàárín yín nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Olóògbé ni àbíkẹ́yìn.

Àwa ọmọ wọn ni a kọ ìtàn yìí. A kò ní purọ́ fún yín pé Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n ti bá jà nítorí bàtà tí ẹ wọ̀ gun pákó Ilé Chukwuani. Ohun tí a lè sọ ni pé wọn kì í di ẹnikẹ́ni sínú. Bí wọ́n bá ti pariwo tán, omi tútù ni wọ́n ń bù fún yín.

Ní ọdún 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Ogui. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ èdè Ígbò yékéyéké, wọ́n sì gbọ́ pijin lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin. Ṣùgbọ́n Màmá Àṣàkẹ́ kò gbà kí ọmọ kankan fi èdè mìíràn bèèrè ẹran nínú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran, Yorùbá ni yóò fi bèèrè, yóò sì kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá máa ń sọ fún wa pé ẹran ló kọ́ àwọn ní Yorùbá.

Ní ọdún 1967, nígbà tí ogun ń bọ̀, bàbá wọn kó ìdílé rẹ̀ padà sí Ìgbájọ. Olóògbé kò ì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n máa gbé ìlú bàbá wọn ju ọjọ́ ọdún lọ. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní Ọmọ Enugu. Wọ́n parí ẹ̀kọ́ girama ní Ìkìrun, wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé. Ní ọdún 1972, rélùwéè gbà wọ́n síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ilé, wọ́n sì padà sí Enugu. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Alárápé, kò padà mọ́. Wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Ìgbájọ, wọ́n ń dáko kòkó, wọ́n sì ń bèèrè lọ́dọọdún ìgbà tí àbúrò wọn máa wálé.

Ọdún 1976 ni Bàbá gbé ìyá wa, Màmá Edith, níyàwó. Tíṣà ni Màmá, ọmọ ìdílé Nnajiofor ní Awkunanaw. Nígbà tí àwọn ará Ìgbájọ wá tọrọ ìyàwó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá Màmá bi ọkọ ọmọ wọn níṣojú gbogbo èèyàn: níbo ni ilé rẹ wà ní ìlú yín? Bàbá dáhùn pé kò tíì sí, ṣùgbọ́n òun máa kọ́ ọ, Edith kò sì ní jẹ́ àlejò ní Ìgbájọ. Tọkàntọkàn ni wọ́n ṣèlérí yẹn. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fún wọn ní ìyàwó.

Rélùwéè dẹnu kọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ ojú irin fi ṣíwọ́ iṣẹ́ pátápátá níhìn-ín ní Enugu fún ìgbà pípẹ́. Bàbá fẹ̀yìn tì ní ọdún 1990. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìdílé Chukwuani bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wọn ilé bàbá àgbà àwọn ní Ogui, kí wọ́n lè mọ ibi tí àtúnṣe kàn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Bàbá wọ ilé náà, wọn kò sì jáde kúrò níbẹ̀ títí àìsàn fi dá wọn dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé Ilé Chukwuani, ẹ jẹ́ kí a sọ bó ṣe rí. Olóyè Chukwuani ló ń ta gedú fún ilé iṣẹ́ èédú, igi tí wọ́n fi ń gbé òrùlé ihò dúró kí ó má bàa wó lu àwọn awakùsà. Ní ọdún 1936, ó kọ́ ilé alájà méjì fún ara rẹ̀. Bíríkì pupa ni, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé ọmọdé lè nà gbalaja sùn sí ojú fèrèsé. Pákó ni ilẹ̀ òkè, pákó ni àjà, fèrèsé onígi ni wọ́n fi sí i yíká. Lábẹ́ àjà, wọ́n dá ihò wẹ́wẹ́ sí ara ògiri kí ooru lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àtẹ́rígbà tó tẹ̀ bí òṣùmàrè ló so òpó kan mọ́ èkejì. Kò sí irin nínú rẹ̀, kò sí kọnkéré. Bíríkì ló ń ti bíríkì tí gbogbo rẹ̀ fi dúró.

Bàbá wádìí títí lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò Obiagu kí wọ́n tó mọ ẹni tó tò ó. Bùsàrí lorúkọ rẹ̀, bíríkìlà ará Ọ̀ffà tó ń gbé Obiagu láyé ìgbà náà. Ó ti kú kí ogun tó dé, kò sì sí ọmọṣẹ́ tó gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá gbọ́ èyí, wọ́n sáré wálé bí ẹni tó bí ọmọkùnrin. Wọ́n ń sọ fún Màmá pé ọmọ Yorùbá ló ṣe é, ọmọ Yorùbá bíi tàwa. Màmá ní àwọn gbọ́, kí wọ́n wá jẹun.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn wo ilé náà. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn ará òkè òkun, àti àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iwájú wọlé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, láti ilé ìdáná, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá ti rí iwájú kì í fẹ́ wo ògiri mọ́. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó gun òkè. Ní pálọ̀ òkè, wọ́n á ní kí gbogbo yín jókòó, kí ẹ panu mọ́, kí ẹ má sì fẹ́ ara yín ní abẹ̀bẹ̀. Nínú ooru oṣù Kẹta, àlejò á jókòó pẹ̀lú ìfura, títí atẹ́gùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan án lọ́rùn. Ìgbà yẹn ni Bàbá á wá na ọwọ́ sókè sí àwọn ihò náà. Wọn kì í tíì sọ̀rọ̀ kankan kí àlejò tó lóye.

Èdè mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yín wí. Ìyàwó ọ̀gá àgbà kan nílé iṣẹ́ ìjọba fi bàtà gogoro gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ó sì fara ti ọwọ́ àtẹ̀gùn fún fọ́tò. Bàbá sọ fún un níwájú àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ pé, “Madam, abeg comot body. That wood old pass your papa.” Inú bí obìnrin náà gidi, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà. Ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Nínú ìsìn Ọlọ́run, ìjọ yìí ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, ibí náà ni wọ́n ti di alàgbà ní ọdún 1998. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, àwọn ọmọ tí gẹ̀ẹ́sì àti pijin yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju èdè ìyá wọn lọ. Wọ́n ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìgbájọ ní Enugu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ kọ́lé sílé, Bàbá ló ń bá a ya àwòrán rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Ìgbájọ lónìí tí àwòrán rẹ̀ ti ọwọ́ wọn jáde.

Ilé tiwọn ni kò jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, a kò sì ní fò ó. Ní ọdún 1994, Bàbá fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ní Ìgbájọ, ilẹ̀ tó kángun sí ti Bàbá Alárápé. Ògiri gòkè, ó ga kọjá fèrèsé, ó kù kí wọ́n ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú kí òrùlé lè bá a. Bàbá ní àtẹ́rígbà títẹ̀ ni àwọn fẹ́, irú ti Bùsàrí. Àwọn bíríkìlà fi pákó gbé e, wọ́n tò ó. Nígbà tí wọ́n yọ pákó, ó wó. Wọ́n tún un tò, ó tún wó. Nígbà tí Bàbá padà sí Enugu, àwọn bíríkìlà rò pé àánú ni àwọn ń ṣe fún wọn, wọ́n fi irin àti kọnkéré da àtẹ́rígbà gbọọrọ bí ti gbogbo èèyàn. Bàbá dé lọ́jọ́ ọdún, wọ́n wò ó, wọ́n sì ní kí wọ́n wó o palẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni ilé náà ti dúró bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń mú bíríkìlà tuntun débẹ̀, lọ́dọọdún ni wọ́n ń bínú padà. Lọ́dọọdún náà ni Màmá Edith ń sùn ní yàrá àlejò nílé Bàbá Alárápé. Bàbá Alárápé kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó dun àwọn. Wọ́n ní àbúrò àwọn ń ṣọ́ ilé onílé ní ìlú onílùú, igbó sì ń hù nínú tirẹ̀.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Wọ́n fara dà á. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún náà, ní òwúrọ̀, nílé wa ní Ogui, wọ́n dágbére fún ayé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọkàn wa gbọgbẹ́, kò sì tíì jinná.

Ẹkún kò tíì dá tí ìbéèrè kan fi dé láti Ìgbájọ: ilé wo ni a óò tẹ́ òkú sí? Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Bí bàbá bá kú tí ilé rẹ̀ kò tíì parí, àwọn ọmọ á yára kan òrùlé sí i, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún lọ́dà kí àwọn àna tó dé. Olúwajùwọ́n, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí, pe àwọn agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n ní kò le rárá: bí a bá gbà kí àwọn da àtẹ́rígbà gbọọrọ onírin sí i, òrùlé á wà lórí ilé náà kí ọdún tó yí. Bàbá Alárápé ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí fóònù pẹ̀lú ẹkún lóhùn pé, “Ṣé ilẹ̀ gbalasa ni ẹ fẹ́ tẹ́ àbúrò mi sí, kí àwọn àna ẹ̀ wá máa wò ó?”

Ìyá wa ló kọ̀. Màmá Edith jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá, wọ́n ní, “I beg, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tó fẹnu ara ẹ̀ ní kí wọ́n wó dànù, òun lẹ tún fẹ́ gbé lé e lórí? Èmi ló ṣèlérí ilé fún. Àwọn ará Awkunanaw á wá, wọ́n á wò ó, wọ́n á padà sílé wọn.” Bàbá Alárápé gbọ́, wọ́n sì pa fóònù. Fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn kò gbé ìpè ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìdílé tí kò níjà rí ti fẹ́ pín sí méjì lórí òkú tó ṣì wà ní mọ́ṣúárì.

Nínú oṣù Kejìlá, a rí Bàbá Alárápé lẹ́nu ọ̀nà wa láìròtẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1967, wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ Enugu mọ́. Wọ́n ní òkú àbúrò àwọn ni àwọn wá gbé. Lọ́lá, àkọ́bí Bàbá, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá wo ibi iṣẹ́ Bàbá. Wọn kò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Arábìnrin Lilian, ọmọ ọmọ Olóyè Chukwuani, ló mú wọn wọlé láti ẹ̀yìn, bí Bàbá ṣe kọ́ ọ. Bàbá Alárápé bọ́ bàtà. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ òkè títí atẹ́gùn fi kàn wọ́n lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, wọ́n dúró sábẹ́ àtẹ́rígbà náà, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì bèèrè ohun tó gbé e ró. Lilian dáhùn pé, “Nothing dey inside, Papa. Na the bricks dey hold each other.” Wọ́n bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní Bùsàrí ni, ará Ọ̀ffà.

Bàbá Alárápé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń nu ojú pẹ̀lú fìlà. Wọ́n ní, “Mo rò pé agídí ni. Mo rò pé kò fẹ́ràn ilé ni. Ó wù ú tó báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a ṣe é.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Lọ́lá: “Sọ fún Edith pé mo gbà. A ò ní fi kọnkéré bo àbúrò mi. Bó ṣe wà la máa gbé e wọ̀ ọ́. Ó ń fi ilé onílé hàn aráyé, ojú ò tì í. Kí ló dé tí ojú á fi tì wá láti fi tiẹ̀ hàn?”

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn olóògbé ni aya wọn, Màmá Edith Ajíbóyè. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Alárápé Ajíbóyè. Àwọn ọmọ wọn, Lọ́lá, Olúwajùwọ́n àti Helen. Àwọn ọmọ ọmọ wọn, Mọ́fẹ́yìsára, Moríyọ̀ àti Chidera. Àwọn àna ní Awkunanaw, ìdílé Chukwuani, àti ọ̀pọ̀ ẹbí àti ará.

Lẹ́yìn ìsìn òní, a óò gbé wọn lọ sí Ìgbájọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yin tí ẹ bá lè bá wa débẹ̀, ẹ mú agbòòrùn dání, nítorí kò sí òrùlé. Lọ́lá ni yóò mú yín yí ilé náà ká. Ẹ̀yìn ni ẹ óò gbà wọlé. Ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀ ni ilé ìdáná. A ti ṣán an. Yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn ni ti Màmá Edith, Bàbá Alárápé sì ti tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún wọn, torí níbẹ̀ ni wọ́n máa jókòó gba àlejò lọ́jọ́ náà. Ẹ wo òkè ògiri, ẹ óò rí àwọn ihò tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, òpó méjì ló dúró, kò sí nǹkan láàárín wọn. Láàárín wọn ni a óò gbé pósí sí, kí ẹ lè wá kí wọn. Pálọ̀ ni a gbẹ́ ibojì sí.

Bàbá wa, ilé onílé ni ẹ ń jí lọ láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé tiyín ni ẹ ń lọ sùn sí báyìí. Ẹ sùn re o.